Ògiri Tí Mo Mọ Yí Bàbá Ká

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ògiri ti parí. Bíríkìlà gbé búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn lé e lọ́sàn-án yìí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, "Olè tó bá lè fo fẹ́ǹsì yìí, ẹ má lé e o. Ẹ fún un lómi mu." Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe tìtorí olè la ṣe mọ ọ́n.

Ó ga jù mí lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó gba etí títì, ó yí kọ́nà, ó wá pàdé géètì. Sìmẹ́ǹtì tún ti gbówó lórí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá mi níbi tí a ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, tó ní kí n máa ṣa àwọn tó bá ṣẹ́ létí lọ. Tí èèyàn bá wò ó dáadáa, á rí i pé ògiri wa ò léyín iwájú. Ìyẹn ò kàn mí. Kò sẹ́ni tó máa gba ibi eyín kọjá.

Bàbá jáde sí àgbàlá nírọ̀lẹ́, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó pè mí, ó ní, "Kọ̀ńdọ́, ta ló mọ ògiri sí kọ́nà? Awakọ̀ tó ń yí bọ̀ ò ní rí èèyàn."

Mo ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá."

Ó ní, "Wọn ò mọ títì. Wọn ò wakọ̀ rí." Ó mi orí, ó wọlé lọ.

Ìyá ti sùn lọ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín ìka rẹ̀. Mo rọra yọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tó sùn nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Láàárọ̀, Bàbá mi géètì jìgìjìgì. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí Ìyá rò pé òun ti gbé pa mọ́.

"Kọ̀ńdọ́, ọkọ̀ ti kún?"

"Kò tíì kún, Bàbá. Ó ku èrò méjì."

"Pè wọ́n nígbà náà. Àbí èmi ni màá wakọ̀, èmi náà ni màá tún pèrò?"

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí pèrò nínú àgbàlá, láàárín garawa àti okùn ìsáṣọ. Gbogbo ibùdókọ̀ tí mo rántí ni mo pè. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó ń dúró, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Mo pẹ́ kí n tó dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé, mo ní èrò ò tètè kún. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ṣùgbọ́n Bàbá ò jáde. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Lóṣù tó kọjá, orí afárá ni wọ́n ti rí i, láàárín títì, tó ń rìn bí ọkọ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni di ìdarí mú, tó ń nawọ́ sọ́tùn-ún kó tó yà. Ọkọ̀ tòótọ́ tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè. Ìyá sáré débẹ̀ láìwọ bàtà. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́. Ó gbé báàgì pẹlẹbẹ kan sábẹ́ apá, téèpù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí mi dáadáa. Èmi ni mi ò kí i dáadáa.

"Ta ló fún yín láṣẹ ògiri yìí?"

"Ilẹ̀ wa ni."

"Mi ò bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀."

Ó fa téèpù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún un fà níbòmíràn, ó tún kọ ọ́. Ó ní ògiri tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò gbọdọ̀ ju mítà kan lọ. Ó ní ti ẹ̀yìn ilé àti ti àárín àwa àti aládùúgbò lè tó mítà méjì. Tiwa yìí lé ní méjì, etí títì ló sì wà, kọ́nà ló tún jókòó sí.

"Awakọ̀ tó ń yí bọ̀ ò ní rí ẹni tó ń bọ̀ lódì kejì," ló wí.

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ gẹ́lẹ́ ni. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì.

Mo sọ fún un nípa Bàbá. Ó gbọ́ mi dópin, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tó lágbára sí géètì, kí ẹ wá ẹni tí yóò máa jókòó tì í."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá jókòó tì í?"

Ó mú ọ̀dà pupa jáde, ó sàmì sára ògiri, ó ní ká gé e kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò wá wó o. Ó dágbére fún Ìyá, ó lọ. Mo ti sọ ọ́ ní Oníwọ̀n.

Ìyá ní, "O ò bá ti sọ̀rọ̀ fún un pẹ̀lẹ́."

Mo ní pẹ̀lẹ́ kì í dín mítà kù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta, fáànù tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú, àti obìnrin kan lẹ́yìn gíláàsì tó ní ihò róbótó. Ihò náà wà nísàlẹ̀ débi pé o gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó gbọ́ ẹ. Mi ò tẹ̀ ba. Mo kígbe ọ̀rọ̀ Bàbá fún un.

Ó ní, "Kí ni bàbá náà jẹ́ sí ẹ?"

"Bàbá mi ni."

"Bàbá tó bí ẹ lọ́mọ?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi ni. Mo ní nígbà tí bàbá mi kú, òun ló wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá sábúlé, tó gbé mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, tó ní kí n máa gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èrò kí n má baà ráyè sunkún.

Ó ní, "Mi ò bèèrè gbogbo ìyẹn."

Mo ní, "Ẹ bèèrè."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Ó wá ṣàlàyé fún mi, ó sì fi sùúrù ṣe é: tí a bá ní ìwé dókítà, a lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba wáyà fún wa, irú èyí tí ojú ń ríran kọjá, kó ga tó èèyàn. Ògiri ni wọn ò lè gbà. Wáyà ò dí awakọ̀ lójú.

Mo sọ fún Ìyá. Ó ní, "Wáyà náà ò dáa? Ká gba wáyà."

Mo ní, "Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wo títì, ẹ fẹ́ kó máa wò ó láti inú wáyà látàárọ̀ dalẹ́, kẹ́ ẹ wá ní kó má lọ? Tí kò bá rí ọkọ̀, kò ní rántí ọkọ̀."

Ó ní, "Ó ń rántí rẹ̀ nínú yàrá tí fèrèsé ti wà ní pípadé."

Mo jáde lọ bomi sí ògiri kó lè le dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo mọ ẹni tó lọ pè wọ́n. Mo lọ bá a. Ìyá ẹlẹ́yin tó wà lódì kejì kọ́nà ni, ó ń kó ẹyin sínú páálí láàárín àwọn adìẹ rẹ̀.

Mo ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ lọ fẹjọ́ wa sùn?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Èmi ni. Mo tún lè lọ lọ́la."

"Ẹ ò kọ́kọ́ wá sọ fún wa."

"Mo sọ fún ẹ nígbà tí ẹ̀ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. O ní kí n lọ máa ka ẹyin mi."

Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé.

Ó ní, "Àwọn ọmọ ọmọ mi ń gun kẹ̀kẹ́ ní kọ́nà yẹn. Mo fẹ́ràn bàbá ẹ. Nígbà tí mo wà nínú oyún, ó máa ń dúró kí n jókòó tán kó tó tẹná. Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí rẹ̀ sin ọmọ."

Mo ní ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ òkú. Mo kúrò níbẹ̀. Adìẹ rẹ̀ kan tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò látàárọ̀. A ò mọ búlọ́ọ̀kù kankan. Bàbá bá ògiri jà lónìí. Ó fi ọwọ́ gbá a, ó ní kó kúrò lọ́nà, ó ní ọlọ́pàá ojú pópó ni yóò fà lé lọ́wọ́. Ìyá dì í mú lẹ́yìn, ó ń sunkún, kò sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ yí padà: "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, bàálé mi. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Adìẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹyin wà lẹ́nu géètì nínú abọ́. Mo gbé e padà fún ìyá ẹlẹ́yin.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀.

Ìwé tí Oníwọ̀n fi sílẹ̀ wà lórí tábìlì, mo tún un kà. Ó ní ká máa wọn ògiri láti ilẹ̀. Kò sọ ilẹ̀ wo. Tí mo bá yọ ìlà búlọ́ọ̀kù méjì lókè, tí mo sì fi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kún inú ọgbà lẹ́bàá ògiri títí yóò fi dé itan mi, láti orí ilẹ̀ wa dé orí ògiri, mítà kan ni. Láti ìta, ó ṣì ga dé ìpéǹpéjú mi. Wọ́n á gba mítà wọn, àwa á gba ògiri wa.

Mo lọ sọ fún bíríkìlà. Ó ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

Mo ní, "Ilé ìwé abúlé. Abẹ́ igi ni."

Ó ní, "Ó hàn. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tó bá mumi yó, ó máa ń ti ògiri. Fi ihò sí ìsàlẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà bá jáde." Ó lọ fọwọ́, ó padà wá. "Àti pé téèpù yẹn ò mọ ọgbọ́n. Ibi tí wọ́n bá fi í sí ló ń kà."

Mo ní kó yá mi bárò rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ó ti parí. Láti ọjọ́ Ajé, tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, màá kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti yẹ̀ẹ̀pẹ̀ wọlé, màá dà á, màá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí débi pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀ dé okùn bàtà. Mo tẹ́ koríko lé e lórí kó lè dà bí ohun tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ìyá ní, "Ṣé ó ti bá òfin wọn mu báyìí?"

Mo ní, "Ó bá a mu régérégé."

Ó ní, "Ojú ẹ ò jọ ti ẹni tó rí i pé ó bá a mu."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Òjò dá. Bàbá gun orí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ náà, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri, ó ń wo títì. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, ó gbọ́wọ́ sókè sí i. Awakọ̀ náà gbọ́wọ́ sókè padà. Bàbá yíjú sí mi, ó ní, "Ó mọ̀ mí." Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn.

Ìyá ní kí n mú un sọ̀ kalẹ̀, pé ibẹ̀ ò dáa. Mo ní kó jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀. Kò béèrè ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Keje

Oníwọ̀n dé. Mo ti dúró dè é lẹ́nu géètì, mo fẹ́ mú un wọlé kó wọ̀n ọ́n láti inú. Ó bá mi wọlé. Ó rí yẹ̀ẹ̀pẹ̀, ó rí koríko. Lẹ́yìn náà ni ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn ti gé ògiri, wọ́n ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti tú ajá sí òun, ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ilẹ̀ sókè rí.

Mo ní, "Ilẹ̀ ni, àbí kì í ṣe ilẹ̀?"

Ó ní, "Ilẹ̀ tí a bá níbẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n, láti ibi tó bá rẹlẹ̀ jù. Kì í ṣe èyí tí ẹ kó dé."

Ó jáde sí títì, ó fa téèpù. Mítà kan àti ààbọ̀ ó lé. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó ní kò yẹ kí òun fún wa. Ó kọjá lára mi, ó tún dúró.

"Ẹ tètè kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò. Ọmọdé lè gba orí rẹ̀ fò sóde."

Mo ní, "Kò sọ́mọdé nílé wa."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bíríkìlà ní òun á bá mi gé e lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ìyá ní ká lọ gba ìwé dókítà fún wáyà náà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ wó ògiri mi, kó mú òòlù tirẹ̀ wá.

Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kì í fẹ́ kúrò lórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ mọ́, àní nínú òjò. Mo fún un ní agbòjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá ṣubú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n má baà bẹ̀rẹ̀ sí yí i padà lọ́kàn mi.

Mo wà níbi iṣẹ́. Obìnrin kan wá wọn aṣọ, Ìyá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún etí aṣọ náà mọ́ra. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn Bàbá láti àgbàlá, ó ń bá èrò sọ̀rọ̀, nítorí náà ọkàn òun balẹ̀. Ìyá ẹlẹ́yin ló rí ìyókù láti òdì kejì. Ó ní Bàbá kọ́kọ́ nu orí ògiri pẹ̀lú apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, kò tiẹ̀ nira fún un, orí ògiri ò ju ìbàdí rẹ̀ lọ láti orí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tí mo kó. Ó jókòó síbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyá ẹlẹ́yin ju páálí ẹyin sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀, ó ń kígbe pé kó dúró. Bàbá gbọ́wọ́ sókè sí i, bí ó ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá ń sáré bọ̀ wá wọkọ̀, pé òun á dúró dè é. Ó wá yí ara padà, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bí awakọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fi sọ́dọ̀ títì, ó na ẹsẹ̀ wá ibi ìtẹ̀sẹ̀. Kò sí ìtẹ̀sẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí kankéré gọ́tà.

Nígbà tí mo dé, orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ìyá ẹlẹ́yin, ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó. Bàbá rí mi. Ó ní, "Kọ̀ńdọ́, ta ló gbé ọkọ̀ ga tó báyìí?"

Egungun ìbàdí ló dá.

Ká ní mo ti gé e sí mítà kan bí wọ́n ṣe wí, ì bá gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ilé ìwòsàn. Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ojú rẹ̀ ti wú nítorí àìsùn. Ó ní ọkàn Bàbá ò lágbára tó láti gba iṣẹ́ abẹ. Mo ní kí wọ́n ṣe é. Ó ní tí àwọn bá ṣe é, ó lè má jí. Mo ní, "Tẹ́ ẹ ò bá ṣe é ńkọ́?" Ó ní ó lè má rìn. Ìyá gbá mi lápá, ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ mi sílẹ̀ fún mi." Wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ó ní ọkọ mi. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gé e lónìí. Mo mú òòlù ńlá láti ibi iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ṣubú. Sìmẹ́ǹtì náà ti le bí mo ṣe fẹ́ kó le, gbogbo omi tí mo bù sí i ló ń san ẹ̀san fún mi. Ọwọ́ mi bó. Bíríkìlà dé pẹ̀lú ṣísù rẹ̀. Mo ní kó máa lọ. Kò lọ. Ó ń gé lọ láti ọ̀dọ̀ géètì, èmi ń gé bọ̀ láti kọ́nà. Nígbà tí a pàdé, ó wo ọwọ́ mi, ó fa aṣọ ya, ó dì í.

A kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ náà jáde. Ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò pé mo kó wọlé lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìyá ẹlẹ́yin wà ní gbọ̀ngán ilé ìwòsàn nígbà tí mo dé. Ó ti jókòó ti Ìyá látàárọ̀. Ó bá mi jáde sí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Mò ń kígbe pé kó dúró. Mò ń rò ó pé ariwo mi ló jẹ́ kó kánjú."

Mo ní, "Kì í ṣe ariwo yín, mà."

Mo fẹ́ sọ sí i. Ó fọwọ́ kan ejìká mi bí ẹni ń yẹ ẹrù wò bóyá ó so dáadáa, ó lọ wá ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n... rárá, ọjọ́ kejìlélógún. Mi ò mọ ọjọ́ mọ́.

A gbé Bàbá dé ilé. Mo gbé e sẹ́yìn láti ẹnu géètì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó ní egungun mi ò wúwo ju ti ẹyẹ lọ. Èmi náà lè sọ ọ́ fún un báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kò béèrè ọkọ̀ láti ìgbà tó ti dé. Lónìí mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ ti kún o." Ó ń wo àjà. Mo ní, "Gbogbo èrò ti jókòó. Ẹ̀yin là ń dúró dè." Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ. Ó ní, "Fi í sílẹ̀."

Mo ti lo ọdún kan gbáko láti máa sọ fún un pé kò tíì kún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ

Ó jẹ ṣíbí mẹ́ta. Egbò ti ń ṣí sí ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ìdùbúlẹ̀. Ìyá kọ́ mi bí a ṣe ń yí i láìfa awọ ara rẹ̀. A máa ń kà á pa pọ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, a ó yí i. Ohun kan ṣoṣo tí a kì í jiyàn lé lórí mọ́ nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Oníwọ̀n wá wo ògiri. Ó ti gbọ́. Kò ṣí fìlà rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, lónìí ó ṣí i. Ó fa téèpù ní ibi mẹ́rin, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mítà kan ni, ibòmíràn ò tiẹ̀ pé mítà kan. Ó ní ó ti bá òfin mu.

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ìwé wáyà yẹn, tí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, mo lè bá yín gbé e lọ fúnra mi. Kò ní pẹ́."

Mo wo Ìyá. Ìyá ń sá aṣọ Bàbá sórí okùn, kò yíjú padà. Mo ní a dúpẹ́, a ò nílò rẹ̀ mọ́. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ.

Géètì tó gbà jáde ṣì wà ní ṣíṣí títí mo fi jókòó kọ èyí. Ìyá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Kò sẹ́ni tó dìde lọ tì í.